"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra": ṣé òwe yìí bá bàálù mu?

Ìbéèrè: Bí ẹni méjì bá ń bára wọn du oníbàárà, òwe yìí la fi ń là wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún bàálù tó ń fò lókè réré?

Ìdáhùn: Òwe náà ń sọ pé àyè gba gbogbo wa, ọrọ̀ ẹnì kan kò dí ti ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n "ojú ọ̀run tó" la máa ń tẹnu mọ́, a sì ń sáré kọjá "láì fara kan ra", bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ojú ni ẹyẹ fi ń yẹra fún ẹyẹ. Bàálù méjì tó dojú kọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan, á run kìlómítà 10 tó wà láàárín wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Ojú ò lè gbà wọ́n. Nítorí náà, wọ́n pín òkè fún wọn.

Láti ẹsẹ̀ bàtà 29,000 dé 41,000, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ló ń wà láàárín tòkè àti tìsàlẹ̀. Bàálù tó ń ti Èkó lọ Nairobi, níhà ìlà-oòrùn, lè gba 37,000. Èyí tó ń bọ̀ á gba 36,000 tàbí 38,000.

Tẹ́lẹ̀, 2,000 ni wọ́n ń fi sílẹ̀, ó sì nídìí. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ bàálù tó ló fi ń mọ gíga rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gòkè, gbogbo wọn á to ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga wọn sí 1013.25 hPa (hPa ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó), bí ìgbà tí gbogbo ọjà ń lo kóńgò kan náà: bí kóńgò bá tilẹ̀ kéré, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́. Àṣìṣe 1 hPa tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27 lọ nítòsí òkun á lé ní 100 ní 39,000. Ìgbà tí ẹ̀rọ dára sí i ni wọ́n tó dín àyè náà kù: lórí Àtìláńtíìkì Àríwá ní 1997, ní Áfíríkà ní September 2008. Bàálù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga méjì tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń di gíga mú fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, awakọ̀ á tètè sọ fún atọ́nà tó wà nílẹ̀, kí ó lè fún un ní 2,000 padà tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní September 29, 2006, lókè Mato Grosso ní Brazil, Boeing 737 kan àti bàálù kékeré Legacy kan pàdé ní 37,000, ojú ọ̀nà kan náà. Gíga yẹn kì í ṣe ti ìhà tí Legacy ń lọ, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa kéde ibi tó wà kò sì ṣiṣẹ́, nítorí náà ìkìlọ̀ kankan ò dún nínú méjèèjì. Ènìyàn 154 ló kú nínú Boeing náà. Ó dùn mí pé ojú ọ̀run tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. GPS ti péye débi pé bàálù ń fò gẹ́rẹ́ lórí ara wọn, nítorí náà bí ẹnì kan bá ṣi gíga gbà, orí ẹnì kejì gan-an ló máa bọ́ sí. Lórí òkun, wọ́n gba awakọ̀ láyè láti yà kúrò láàárín ọ̀nà dé máìlì òkun 2. Ọ̀tún nìkan ni, wọn kì í yà sósì, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ lè túbọ̀ jìnnà síra.