Ẹ Kọ́kọ́ Ṣètò Bí Ẹ Ṣe Máa Jáde Kúrò ní Pápá

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. O ní ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún lẹ fẹ́ tẹ̀lé ẹgbẹ́ yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, pé ẹ ò wo bọ́ọ̀lù yín nílé onílé rí, o wá ń béèrè ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé kí ẹ ra jẹ́sì, àwọn kan ní kí ẹ wá onílù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tẹ̀lé ẹgbẹ́ kékeré kan n'Ìbàdàn níbí kiri, torí àbúrò ìyàwó mi ló ń ṣọ́lé fún wọn, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ ṣètò bí ẹ ṣe máa jáde. Àtiwọlé kò le. Ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn lọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 2016, a lọ sí ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, torí èèyàn rere pọ̀ níbẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn onílé ń nà wá bọ̀ 1-0, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, ni ọmọ kékeré kan tó ń gbá a lápá òsì bá gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Ọ̀mì. Ní líìgì wa yìí, ẹni tó bá gba ọ̀mì nílé onílé, bí ẹni tó borí náà ló rí. Inú wa dùn débi pé a gbàgbé ibi tí a wà. A fò sórí àga, a bọ́ jẹ́sì, a ń jù ú sókè, ẹnìkan nínú wa sì dá orin kan tó fi bú ìyá àwọn onílé. Mo gbọ́ orin náà, mo sì gbè é. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Kí á tó dé ìdí ọkọ̀, òkò ti ń bọ̀. Imú bọ́ọ̀sì wa kọjú sí ògiri, ọkọ̀ mẹ́ta dí i lẹ́yìn, awakọ̀ ti wá oúnjẹ lọ. A há sínú ọkọ̀ náà fún ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí fèrèsé tó ti fọ́, kí òkò má bàa ba àwọn ọmọdé tó wà pẹ̀lú wa. Nígbà tó yá, ọ̀kan bà á lórí. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rán an. Ọlọ́pàá méjì péré ló wà ní pápá, àwọn méjèèjì sì ti sin rẹfirí lọ. Ẹni tó gbà wá ni ìyá kan tó ń ta omi tútù níwájú géètì. Ó wọ àárín àwọn ọmọ yẹn, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun máa sọ fún ìyá oníkálukú wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ju òkò sílẹ̀.

Torí náà, awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má lọ wọ ọkọ̀ èrò ní Òjóò pé ẹ máa rí òmíràn wọ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ò ní rí ọkọ̀ kan náà wọ̀, ẹ máa pín sọ́nà mẹ́ta, ọkàn yín ò sì ní balẹ̀ nípa ara yín. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì, àlọ àti àbọ̀. Ẹ san ìdajì owó kí ẹ tó gbéra, ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà dé Ìbàdàn. Kó ti ra epo tó máa gbé e lọ tó máa gbé e bọ̀. Tó bá ń páàkì, kó yí imú ọkọ̀ sí títì, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni páàkì síwájú rẹ̀. Ẹ ra oúnjẹ fún un kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kó má bàa ní àwáwí kankan. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, kó ti jókòó sídìí ọkọ̀. Èmi fúnra mi máa ń yan ẹnìkan tó máa dìde lọ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Ó máa ń dun ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò rí òpin bọ́ọ̀lù, a sì máa ń yí i po, ẹni tó bá ṣe é lónìí kò ní ṣe é nígbà mìíràn.

Ẹ gbéra ní Òjóò ní aago méje àárọ̀. Láti Mọ́níyà sí Fìdítì títí dé Ọ̀yọ́ kò ní wàhálà. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Kìlómítà 52 ni apá ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, àìparí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fà á tí tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ àti ọkọ̀ kéékèèké fi jọ ń du ọ̀nà àtijọ́ tóóró yẹn. Bí tírélà kan bá ṣubú dínà, ẹ lè lo wákàtí mẹ́ta lójú kan. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé orí fóònù la ti gbọ́ iye tí wọ́n gbá, a ṣì wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Kí jẹ́sì wà nínú àpò títí ẹ ó fi jókòó sí pápá.

Owó ìwọlé kò tó nǹkan. Ẹ san án, ẹ má bá onígéètì fa ọ̀rọ̀.

Ohun tó yí ìrìn wa padà pátápátá nìyí, ìbá wù mí kí ẹnìkan ti sọ ọ́ fún mi ṣáájú 2016. Àwọn onílé náà ní olórí alátìlẹ́yìn. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Sẹ́kítírì ẹgbẹ́ yín á mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí a tó lọ sí ìlú mìíràn, mo pe bàbá tó ń darí wọn níbẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, mo ní, "Bàbá, àlejò yín ni wá ní Sátidé o. Àwa mẹ́wàá ni, obìnrin mẹ́ta wà níbẹ̀. A ò bá tìjà wá." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ẹ máa jẹun nílé kí ẹ tó máa bọ̀ ni, àbí ká dáná?"

Bàbá yìí dúró dè wá ní géètì. Ó fi wá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn àgbà wọn ń jókòó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ méjì jókòó tì wá. Wọ́n nà wá 3-0 lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n iyán la jẹ kí a tó máa bọ̀. Nígbà tí ó kan àwọn náà láti wá sí Ìbàdàn, a lọ pàdé wọn, a mú wọn lọ jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá, a sì sìn wọ́n dé Òjóò. Títí dòní, bàbá yẹn máa ń pè mí lọ́jọ́ ọdún. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín ríran n'Ògbómọ̀ṣọ́ kí Sátidé tó dé.

Nínú pápá, ẹ lu ìlù yín, ẹ kọrin ẹgbẹ́ yín, ẹ ki àwọn ọmọ yín. Ẹ má fi ìlú onílùú kọrin, ẹ má dárúkọ Ṣọ̀ún, ọba wọn, sí eré. Ẹ yan ẹnìkan tó máa máa dá orin; orin tí kì í bá ṣe òun ló dá a, kí ẹnikẹ́ni má gbè é. Tí ẹ bá gbá góòlù wọlé, ẹ yọ̀, kí lẹ tún bá lọ? Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ wà ni kí ẹ ti yọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ tẹ koríko pápá, ì báà jẹ́ pé rẹfirí fi pẹ́náltì tó hàn gbangba dù yín, torí ẹgbẹ́ yín ni wọ́n máa bu owó ìtanràn lé, owó oúnjẹ àwọn ọmọ ni wọ́n sì máa yọ ọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà wà n'Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bowen àti ti LAUTECH. Kí awakọ̀ béèrè ọ̀nà wọn kó tó páàkì.

O tún kọ ọ́ pé ìyá rẹ ní bọ́ọ̀lù líìgì kékeré kò tó ohun tí ó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba màmá, wọn ò ṣẹ̀. Bá mi sọ fún wọn pé ní 1992, nígbà tí Ṣúútìn, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn wa, gba ife CAF ti ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀mì òdo sí òdo ni wọ́n gbà bọ̀ láti Kampala lọ́wọ́ Villa ti Ùgáńdà, kí wọ́n tó fi 3-0 nà wọ́n n'Ìbàdàn níbí. Bàbá mi, tó kọ́kọ́ mú mi dé pápá Adámásingbà, máa ń sọ pé Kampala ni wọ́n ti gba ife yẹn. Ṣúútìn yìí kan náà já sí líìgì kejì ní 2017, ó di 2021 kí wọ́n tó padà sókè. Irú pápá tí ẹ ń lọ yìí ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní gbogbo àárín ọdún yẹn.

Àbúrò ìyàwó mi sọ fún mi pé nílé onílé, ariwo wọn máa ń dà bí òjò lórí páànù, kò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ò ju mẹ́jọ lọ, wọ́n ti gbá méjì wọlé rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wọ ọkọ̀ kúrò n'Ìbàdàn, búrẹ́dì àti omi ni wọ́n jẹ, owó oṣù méjì ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san fún wọn. Ó ní ó ti rẹ òun, kí eré ṣáà parí. Ni dùndún wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní oríkì rẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n: Àjàní, Àjàní, dò-dò-mí, dò-dò-mí. Ó ní òun gbọ́ ọ. Ó mú pẹ́náltì lẹ́yìn ìgbà náà. 2-1 ni wọ́n padà nà wá, síbẹ̀ bí ẹni tó gba ife ló ṣe wá bá wa nídìí ọkọ̀, ó ń sunkún.

Torí náà, ẹ lọ.

Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin kì í parí kí ó tó di nǹkan bí aago mẹ́fà, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí ẹ tó dé Ọ̀yọ́. Ìṣáájú bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ti kí àwọn agbábọ́ọ̀lù yín, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Tí rẹfirí bá ti fọn ọ́n, ẹ ka orí, ẹ wọ ọkọ̀, kí ọkọ̀ sì gbéra. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ẹbí n'Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè gbà yín sílé mọ́jú, èmi máa fara mọ́ ọn ju kí ẹ máa bá tírélà du ọ̀nà yẹn lóru.

Dùndún wa ṣì wà nílé lọ́dọ̀ mi. Awọ rẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀, màá sá a sóòrùn lọ́la. Wá mú un ní Ọjọ́bọ̀, kí o sì mú ẹni tó máa lù ú dání, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi pe oríkì aṣọ́lé yín.