Ẹ Bi Àǹtí Onímọ́tò: Owó Ọjọ́-Orí Fẹ́ Tó Owó Ọkọ̀ Fúnra Rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo ń parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì ní College Park, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Bàbá àti ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá mi ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, ẹ́pọ́ọ̀tù BWI ni wọ́n máa balẹ̀ sí. Mo fẹ́ háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ méje kí n lè máa gbé wọn káàkiri. Mo rí ọ̀kan ní $34 lójúmọ́, inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe fi ọjọ́-orí mi sí i tí wọ́n fi $29 lójúmọ́ lé e, wọ́n ní torí pé n kò tíì pé ọdún 25. Ọ̀rẹ́ mi ní kí bàbá mi fi orúkọ tiwọn gbà á, kí èmi wá máa wà á. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí ọ̀nà mìíràn wà?
— Ọmọ Òkè-Àdó, College Park

Ọmọ Òkè-Àdó, o kú oríire. Olúwa á jẹ́ kí àwọn òbí rẹ gúnlẹ̀ láyọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ, torí òun ló lè kó bá ọ jù.

Mo pẹ́ lẹ́yìn káńtà ọkọ̀ háyà kí n tó bọ́ síbi tí mo wà báyìí, mo sì mọ eré yẹn dáadáa. Bàbá á fọwọ́ síwèé, ọmọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Tí wọ́n bá dé páàkì, ọmọ á gba kọ́kọ́rọ́. A máa ń rí wọn o, a kàn lè má sọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan ni gbogbo rẹ̀ á tú síta. Tó bá jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ló wà á, ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ rà ní káńtà lè di òfo, èyí tó wà lára káàdì kírẹ́díìtì kò ní dá yín lóhùn, ẹni tó fọwọ́ síwèé ni wọ́n á sì dojú kọ. Wọ́n á gba owó àtúnṣe, wọ́n á tún lè gba owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kò pawó wọlé. Bàbá tó wá jẹ ìrẹsì ayẹyẹ ọmọ rẹ̀ á wá gbé gbèsè dọ́là padà sí Ìbàdàn.

Tí wọ́n bá wá kọ orúkọ rẹ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì ńkọ́? Ìyẹn bófin mu, ṣùgbọ́n kì í sábà pa owó ọjọ́-orí rẹ́. Ọjọ́-orí gbogbo ẹni tó máa wakọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti ẹni tó sanwó nìkan.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún irú rẹ ni AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tó máa ń wá ran èèyàn lọ́wọ́ tí ọkọ̀ bá kú sójú títì. Hertz, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ háyà kan, ní àdéhùn pẹ̀lú wọn ní Amẹ́ríkà níbí pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wà láàárín ọdún 20 sí 24 kò ní san owó ọjọ́-orí. Owó ọdún kan fún ìpele tó kéré jù nínú AAA kì í sábà tó $100. Ìwọ sì rèé, $29 lọ́nà méje, $203 nìyẹn kí owó orí tó dé. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o forúkọ sílẹ̀ o, kì í ṣe ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ìgbà tó o bá ń gba ọkọ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kó o ti fi AAA sí i, má dúró dìgbà tó o bá dé káńtà, torí àtúnṣe ibẹ̀ máa ń nira, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ á sì ti máa pòṣé. Mú ọkọ̀ gbáàtúẹyọ̀, má wo àwọn ọkọ̀ olówó ńlá, wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé 25. Kó o tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ka àpapọ̀ owó ní ìlà-ìlà. Tí owó ọjọ́-orí bá ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé o gba ibi tí kò yẹ wọlé. Padà sẹ́yìn.

Àwọn tó bá wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tàbí tí òbí wọn wà níbẹ̀, lè rí irú àǹfààní yìí gbà nípasẹ̀ USAA, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti báǹkì àwọn ológun. Àwọn yunifásítì kan náà ní àdéhùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba owó ọjọ́-orí, àmọ́ iṣẹ́ yunifásítì ni wọ́n fi í ṣe. Gbígbé ìyá ẹni lọ ra bàtà kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì. Má lo kóòdù wọn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí bàbá rẹ háyà ọkọ̀ kí àwọn fúnra wọn sì wà á. Má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni wọ́n ń gbà níbí, kò dà bíi London. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀, wọ́n sábà máa ń gbà á pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé láísẹ́ǹsì bàbá lè ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tàbí kó jẹ́ bébà tí wọ́n fún wọn kí káàdì gan-an tó jáde ni wọ́n kó wá. Mo ti rí bàbá kan tó ká bébà bẹ́ẹ̀ sí mẹ́rin nínú àpò agbádá, ó rọra tẹ́ ẹ sórí káńtà fún mi. N kò lè gbà á. Ní kí wọ́n ya fọ́tò láísẹ́ǹsì wọn ránṣẹ́ sí ọ báyìí, kó o wo ọjọ́ tó máa kú. Bi wọ́n léèrè káàdì báǹkì pẹ̀lú: orúkọ ara káàdì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu, wọ́n á sì dá owó kan dúró lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi padà. Káàdì tìrẹ kò lè ṣe é fún wọn.

Tí wọ́n bá máa wà á lóòótọ́, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ní alẹ́ tí wọ́n balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, jókòó ti wọ́n, kó o fi oríta tó ní àmì ìdúró mẹ́rin hàn wọ́n, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ti máa ń kọ́kọ́ lọ. Fi bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò àwọn ọmọ iléèwé hàn wọ́n pẹ̀lú: tó bá ti tan iná pupa rẹ̀, kí wọ́n dúró. Awakọ̀ tó ti ń bá takisí mícrà fa ọ̀rọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn kò ní gbà pé bọ́ọ̀sì tó páàkì lè dá òun dúró.

Yálà ìwọ ni àbí bàbá, àwọn owó kéékèèké mìíràn ń bẹ. Ní Maryland, owó orí ọkọ̀ háyà jẹ́ 11.5%. Ẹ́pọ́ọ̀tù tún máa ń fi owó tirẹ̀ lé e, nítorí náà wo iye tí ẹ̀ka àárín ìlú ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́ ní tóòlù Maryland. Tó o bá lo ẹ̀rọ tó ń san tóòlù tó wà nínú ọkọ̀ háyà, ilé-iṣẹ́ á gba owó tóòlù, á sì tún gba owó ìlò ẹ̀rọ. Lo E-ZPass, ìyẹn ẹ̀rọ tóòlù, tìrẹ, kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí àkáǹtì rẹ lọ́jọ́ tó o gbà á, yọ ọ́ lọ́jọ́ tó o dá a padà. Tó o bá rí àpótí kékeré tí ẹ̀rọ tóòlù ti ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀ lára gíláàsì iwájú, nítòsí díńgí, rí i pé ó wà ní títì.

Ní káńtà, wọ́n á yí ẹ̀rọ kékeré kan sí ọ: fọwọ́ síbí, síbí, síbí. Ibẹ̀ ni epo àsansílẹ̀ ti máa ń wọlé. Níbi témi ti ṣiṣẹ́, owó díẹ̀ máa ń kàn wá lórí ohun tá a bá tà, torí náà a máa ń yára sọ̀rọ̀. Ní kí wọ́n dúró, kà á. Kọ epo àsansílẹ̀, kó o lọ rọ epo fúnra rẹ kó o tó dá a padà. Ìnṣọ́ránsì nìkan ni n kò ní ní kó o kọ̀ pátápátá. Káàdì kírẹ́díìtì kan lè bo ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í bo ẹni tó o bá ṣe léṣe, ìwọ tí kò ní mọ́tò sì lè má ní ìnṣọ́ránsì mìíràn. Èmi á ra èyí tó ń bo ẹni téèyàn bá ṣe léṣe tó bá jẹ́ pé èmi ni.

Tó bá jẹ́ ẹrù ilé rẹ nìkan lo fẹ́ kó, U-Haul ń gbé ọkọ̀ ẹrù fún ọmọ ọdún 18 láìgba owó ọjọ́-orí, àmọ́ wọ́n máa ń ka máìlì mọ́ owó ọkọ̀. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú fáànù wọn, nítorí náà má rò ó fún bàbá àti ìyá.

---

Àǹtí, ọmọ ọdún 19 ni mí, Brooklyn ni mò ń gbé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ lọ wo omi Niagara. Wọ́n ní ní New York, wọn ò lè lé mi ní káńtà torí pé mo kéré. Ṣé òótọ́ ni?
— Àyìnkẹ́

Òótọ́ ni, Àyìnkẹ́. Òfin New York kò gbà kí wọ́n kọ ẹni tó ti pé ọdún 18 torí ọjọ́-orí nìkan. Àmọ́ ó fún wọn láyè láti fowó lé e, ohun tí wọ́n sì ń lé ọmọ ọdún 18 sí 20 ju ti ọmọ ọdún 22 lọ dáadáa. Àǹfààní AAA tí mo sọ lókè kò tíì kàn ọ́, ọdún 20 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Amtrak ní ibùdókọ̀ Moynihan ní Manhattan. Èyí tó lọ sí Niagara Falls ń dé ibẹ̀ tààrà, bíi wákàtí mẹ́sàn-án ni. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì se oúnjẹ dání.