Èsì: Wọ́n ń làágùn lóòótọ́, àmọ́ kí ni wọ́n ń kọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Abẹ́òkúta tilẹ̀ ń ṣe ìgbáradì gidi, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi ṣáá. Ní tèmi, wọ́n ń ṣe é, àmọ́ kò jọ ohun tí wọ́n ń bá pàdé lọ́jọ́ ìdíje. Kí wọ́n máa sáré yí pápá MKO Abíọ́lá po láàárọ̀ dára fún èémí, kò lè kọ́ àwọn ẹ̀yìn mẹ́rin, ìyẹn àwọn tó ń dáàbò bo ilé, bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀. Ẹ wo àwọn góòlù tó ń wọlé wa: kọ́nà ni, àbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n já gbà láàárín pápá tí ẹnikẹ́ni ò sì padà sẹ́yìn. Ìgbáradì ló ń tún ìyẹn ṣe! Arrigo Sacchi, tó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù AC Milan ní Ítálì nígbà kan, a máa fi èèyàn 5, aṣọ́lé pẹ̀lú, kojú 10, kí ẹ̀yìn lè mọ ibi tí kálukú ń dúró. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1989 àti 1990. Tí ẹ bá tún lọ wo ẹgbẹ́ wa níbi ìgbáradì, ẹ ṣọ́ bóyá kóòṣì máa ń dá eré dúró láti tún àṣìṣe ṣe, àbí ó kàn ń fọn fèrè.