Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi se ẹ̀fọ́ náà kí màmá yín tó tọ́ ọ wò

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi mọ́tò gbé màmá yín láti Atlanta lọ sí Savannah, kí ẹ tó kọjá sí Charleston, pé Alhaja ni wọ́n, wọn kì í fẹnu kan burger, ẹ wá ń béèrè bóyá oúnjẹ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà máa bá wọn lẹ́nu mu. Á bá wọn lẹ́nu mu dáadáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún yín gan-an nìyẹn.

Mùsùlùmí lèmi náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà I-75 àti I-16 yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ebi lé mi wọ búkà kan lẹ́bàá Macon, irú èyí tí wọ́n ń pè ní meat and three: ẹ ó mú ẹran kan, ẹ ó sì yan oúnjẹ kéékèèké mẹ́ta tì í. Mo gbọ́n lójú ara mi. Mo ní n ò jẹ ẹran, kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ nìkan fún mi. Wọ́n gbé collard wá, wọ́n gbé ẹ̀wà olójú dúdú, ilá díndín àti makaróní oníwàràkàṣì wá. (Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ka makaróní sí níbẹ̀. N ò mọ oko tí wọ́n ti ń já a.)

Ewé collard nípọn ju tẹ̀tẹ̀ lọ, wọ́n lè sè é fún wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó rọ̀. Omi rẹ̀ a máa dúdú díẹ̀, ọ̀rá á máa dán lójú rẹ̀. Pot likker lorúkọ omi yẹn, búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́. Mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kì. Mo ti jẹ kọjá ìdajì kí fọ́ọ̀kì mi tó gbé nǹkan pupa kan sókè, ó ń fà bí òwú, awọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo pe ìyá àgbà tó gbé oúnjẹ fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, oríkèé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kí la bá tún fi sè é?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ń retí kí n dáhùn ni.

Àfáà tí mo pè lórí fóònù ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé. Bí ẹ bá béèrè pé ṣé ẹran wà nínú ẹ̀, wọ́n lè ní rárá, wọn ò sì purọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, tí wọ́n sọ sínú ìkòkò ẹ̀fọ́, èròjà ló jẹ́ fún wọn, bí irú ṣe jẹ́ fún wa. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ fi sè é tó dùn tó báyìí?" Inú wọn á dùn, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ búkà àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti ń fi ọrùn tòlótòló yíyan sè é báyìí, pàápàá ní Atlanta. Ti pé ṣé wọ́n pa tòlótòló náà bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ màmá yín àti àfáà wọn nìyẹn.

Ìrẹsì pupa Charleston lè tan Alhaja jẹ ju ẹ̀fọ́ lọ. Tòmátì, àlùbọ́sà, ìrẹsì tó dá dúró ní wóró-wóró: ta ló máa sọ pé kì í ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù? Àwọn Gullah, aláwọ̀ dúdú etíkun ibẹ̀, ló ni í. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ló ti mọ ìrẹsì í gbìn láti Senegal títí dé Sierra Leone kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú lọ síbẹ̀, oko ìrẹsì ló sì sọ àwọn òyìnbó Charleston di olówó. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi dín tòmátì náà. Biscuit, búrẹ́dì kékeré rírọ̀ wọn, ńkọ́? Òun náà lè ní ọ̀rá yẹn nínú. Ẹ béèrè.

Bí màmá bá sì rí yams nínú ìwé oúnjẹ, ẹ tètè sọ fún wọn pé kì í ṣe iṣu. Ọ̀dùnkún ni, tí wọ́n rì sínú ṣúgà àti bọ́tà. Ìyá ìyàwó mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Kéèkì ọjọ́ ìbí ta lèyí?"

Ẹja àrọ̀ ló gbà wá. Wọ́n á yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n á dín in gbẹ, àmọ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń dín ẹlẹ́dẹ̀ nínú òróró kan náà. Ẹ bu grits tì í. Ìyá ìyàwó mi wò ó títí, wọ́n ní ògì tí wọn ò sẹ́ ni, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ní Savannah, bí ẹ bá fẹ́ lọ sí búkà Mrs. Wilkes lójú pópó Jones, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì tètè tò. Èèyàn mẹ́wàá ló ń jókòó sí tábìlì kan, tí abọ́ á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ bíi ti ilé ìyàwó. Tíì tútù wọn dùn ju oyin lọ. Bí màmá bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ pé èyí tí kò ní ṣúgà lẹ fẹ́.

Ata inú ìgò wà lórí tábìlì níbi gbogbo, àmọ́ ó kan ju bó ṣe ta lọ. Ẹ fi ata gígún díẹ̀ sínú báàgì màmá.