Ṣé mo lè ṣí resolver DNS fún gbogbo ayé, kó sì tún mọ orúkọ orí blockchain?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yá sáfà kan, Linux ló wà lórí ẹ̀. Mo fẹ́ gbé resolver DNS, ìyẹn ètò tó ń bá èèyàn wá ádírẹ́ẹ̀sì tí orúkọ ìkànnì dúró fún, kalẹ̀ síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí àṣírí wọn ò sì ní tú. Mo tún fẹ́ kó máa ṣí orúkọ .eth (ti ENS, ètò orúkọ orí blockchain Ethereum) àti ti Handshake (blockchain mìíràn tó wà fún orúkọ). Unbound ni ètò resolver tí mo lò. Mo gbé CoreDNS, ètò DNS mìíràn tó ní ẹ̀ka ens tó ń ka orúkọ .eth, sí pọ́ọ̀tù 5301. Tí mo bá bi òun tààrà, ó ń dáhùn. Àmọ́ tí mo bá gba ọ̀dọ̀ Unbound béèrè .eth, SERVFAIL (pé òun ò rí ìdáhùn tó ṣeé gbà) ló ń dá padà. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé o. SERVFAIL yẹn, Unbound ò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. A máa débẹ̀. Àmọ́ ohun tó lè kó yín sí wàhálà ju .eth lọ wà nínú ọ̀rọ̀ yín pé “ẹnikẹ́ni lè lò”. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti pọ́ọ̀tù 53, ẹnu ọ̀nà tí DNS ń gbà látilẹ̀wá.

UDP ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ń bá wọlé ní 53, UDP kì í sì í wádìí ẹni tó ránṣẹ́. Ọ̀daràn á kọ ìbéèrè péńpé, á fi ádírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíràn sí i, sáfà yín á wá da ìdáhùn ńlá lé ẹni ẹlẹ́ni lórí. Irú resolver báyìí ni wọ́n kó jọ lu Spamhaus, àjọ tó ń gbógun ti ímeèlì àwúrúju, ní oṣù kẹta ọdún 2013, tí ẹrù náà fi tó nǹkan bí 300 gígábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ni resolver yẹn ò mọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ fi firewall ti 53 pa sí ará ìta. Pọ́ọ̀tù 853 fún DoT (DNS inú TLS, ohun tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà) àti 443 fún DoH (DNS inú HTTPS) ni kí ẹ ṣí. Orí TCP àti TLS ni àwọn méjèèjì ń rìn, ẹni tó bá sì parọ́ ádírẹ́ẹ̀sì ò lè parí ìkíni tó ń ṣáájú níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá náà ò sì ní lè ka ohun tí oníbàárà yín ń béèrè. Fóònù Android láti 9 sókè ti ní àyè tí èèyàn máa kọ orúkọ sáfà DoT sí. Ẹ ṣáà rí i pé sáfà yín lórúkọ, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí TLS fún un; ọ̀fẹ́ ni Let's Encrypt ń fúnni. Ẹnìkan á ní ẹ̀rọ àtijọ́ òun ò mọ̀ ju 53 lọ. Ẹ má jẹ́ kí àánú ẹ̀ ṣe yín. Ẹ ní kó fi ohun tó ń yí 53 padà sí DoT sí ilé ara rẹ̀. Ẹ gbé dnsdist, ètò tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà DNS, síwájú Unbound, kó máa gba DoT àti DoH wọlé, kó sì máa dín ẹni tó bá ń béèrè ní àbéèjù kù.

Ó ku SERVFAIL. Wọ́n ti fọwọ́ sí gbòǹgbò DNS (ibi tí àkọsílẹ̀ gbogbo ìparí orúkọ bíi .com wà) pẹ̀lú DNSSEC, ètò ìfọwọ́sí tó ń fi hàn pé ìdáhùn kì í ṣe ayédèrú, Unbound sì ń yẹ ìfọwọ́sí náà wò. Ó bi gbòǹgbò léèrè .eth, gbòǹgbò fi ìfọwọ́sí sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. CoreDNS yín wá ní ó wà, láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Ta ni kí Unbound gbà gbọ́? Èkejì ni pé, bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀wá, Unbound kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ 127.0.0.1, ìyẹn sáfà náà fúnra rẹ̀. Èyí gan-an ló máa ń jẹ àkókò èèyàn, torí kò sí ohun tó fara hàn pé ó bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
server:
    do-not-query-localhost: no
    domain-insecure: "eth"

stub-zone:
    name: "eth"
    stub-addr: 127.0.0.1@5301
```

Ìlà `domain-insecure` ń sọ fún Unbound pé kó má béèrè ìfọwọ́sí lábẹ́ .eth nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ ayẹ̀wò DNSSEC kúrò pátápátá kí .eth lè ṣí, ẹ má dá a lóhùn. Ìyẹn ni pé ẹ tú ààbò gbogbo orúkọ yòókù tó ní ìfọwọ́sí nítorí ìparí orúkọ kan ṣoṣo.

Ibo ni CoreDNS ti ń rí ìdáhùn? Ó gbọ́dọ̀ ka Ethereum. Tó bá jẹ́ RPC (ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ethereum) ti ilé iṣẹ́ kan lẹ fi sí i, gbogbo .eth tí àwọn èèyàn yín ń wá ni ilé iṣẹ́ yẹn ń rí, àti pé wọ́n lè dáhùn bó ṣe wù wọ́n. Helios, ètò kékeré tó ń yẹ ọ̀rọ̀ Ethereum wò fúnra rẹ̀, lè bá yín yẹ ìdáhùn wò kí wọ́n má lè purọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń rí ìbéèrè. Ẹni tó bá ṣèlérí àṣírí, node tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń bá Ethereum ṣiṣẹ́ tààrà) ló yẹ kó ní: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ètò méjì ló ń jẹ́ node, ti execution àti ti consensus, SSD tó tó 2 TB ni wọ́n sì sábà máa ń dámọ̀ràn. Owó gidi ni. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sójú ìkànnì yín gbangba pé ìbéèrè .eth ń kọjá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ má sì retí pé .eth á ṣí bíi .com. Ọ̀pọ̀ orúkọ ENS kò ní ádírẹ́ẹ̀sì IP nínú. Ohun tó ń tọ́ka sí fáìlì lórí IPFS (ètò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú fáìlì) ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ka ens á kàn dá ádírẹ́ẹ̀sì gateway kan (sáfà tó ń gbé fáìlì IPFS wá fún bíráwúsà) padà, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ bùkátà gateway yẹn. Kò sí ilé iṣẹ́ tí bíráwúsà gbà gbọ́ tó máa fún .eth ní ìwé ẹ̀rí, torí náà ìkìlọ̀ á máa yọ. Àwọn kan máa ń ní kí oníbàárà gba CA (olùfúnni ní ìwé ẹ̀rí) tiwọn sórí fóònù. Èmi ò ní ṣe é láé: ẹni tó bá gbà á ti fún yín lágbára láti ṣe bí ìkànnì èyíkéyìí tó wù yín lójú rẹ̀.

Handshake, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020, tún le díẹ̀. hnsd, ètò tó ń ka orúkọ Handshake, fẹ́ di gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni lè ra ìparí orúkọ tó bá wù ú níbẹ̀. Ẹ má fi rọ́pò gbòǹgbò ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì káàkiri ayé. Ẹ mú ìparí tí àwọn èèyàn yín nílò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ forward-zone (ìlà tó ń darí ìbéèrè) fún un sí 127.0.0.1@5350, ibi tí hnsd ti ń dáhùn, pẹ̀lú domain-insecure tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń súni, àmọ́ orúkọ máa ń forí gbárí: ní ọdún 2022, Unstoppable Domains, ilé iṣẹ́ tó ń ta orúkọ orí blockchain, pa .coin tì torí Emercoin, blockchain mìíràn, ti ń lo .coin ṣáájú wọn. Ẹ jẹ́ kí ètò kékeré kan (script) máa fi àkọsílẹ̀ yín wé `tlds-alpha-by-domain.txt` ti IANA, níbi tí gbogbo ìparí orúkọ inú gbòǹgbò wà, lójoojúmọ́. Èyí tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ICANN ló ni ín, ẹ yọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀ lórí .eth ní tirẹ̀: ETH ni àmì lẹ́tà mẹ́ta ti Ethiopia, ICANN kì í sì í ta irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn ìlòkulò á dé. OpenNIC, ẹgbẹ́ tó ń pèsè DNS tó yàtọ̀ sí ti ICANN, yọ .bit (ìparí orúkọ ti blockchain Namecoin) kúrò ní ọdún 2019 torí àwọn oníṣẹ́ ibi ń fi darí kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ẹ ní ímeèlì tí wọ́n á máa fẹjọ́ sùn sí, kí ẹ sì fi RPZ inú Unbound (àkọsílẹ̀ orúkọ tí ẹ fẹ́ dí) dí orúkọ tó bá dájú pé ó burú. Ẹ fi `log-queries` sí no, kí Unbound má bàa kọ ìbéèrè èèyàn sílẹ̀.

Kí ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ jókòó sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi `kdig +tls +dnssec`, àṣẹ tó ń bi DNS léèrè, dán an wò. `dnssec-failed.org`, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ìfọwọ́sí rẹ̀ jẹ́, gbọ́dọ̀ mú SERVFAIL wá. `nlnetlabs.nl` gbọ́dọ̀ ní àmì `ad`, tó ń sọ pé wọ́n ti yẹ ìfọwọ́sí wò. Orúkọ .eth gbọ́dọ̀ dáhùn láìní `ad`. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dig lásán kan pọ́ọ̀tù 53. Tó bá dá yín lóhùn, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ sáfà yín.