Èsì: Ọmọ tó mọ ìṣirò nílé, tó ń gbàgbé níwájú pátákó

Ẹ má tíì san owó lẹ́sìnnì kankan, mà. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní JSS 2 n'Íléṣà ń ṣe ìṣirò geere nílé, àmọ́ bí tíṣà bá ti pè é síwájú, ó di odi. Ẹ̀rù tíṣà ni, kì í ṣe ìṣirò.

Bí àyà bá ń já ọmọ, ìpayà á gba ibi tí ọpọlọ fi ń di nọ́ńbà mú fúngbà díẹ̀. 7 × 8 tó mọ̀ dáadáa á fò lọ. Ìbẹ̀rù díẹ̀ ò burú o, ó ń ta ọmọ jí. Àpọ̀jù ẹ̀ ni wàhálà.

Èmi náà ti ṣe tíṣà rí, n'Ífẹ̀ níbí. Mo máa ń fi pàṣán gbá tábìlì kí kíláàsì lè dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ìbéèrè mọ́.

1. Ẹ lọ rí tíṣà náà lẹ́yìn iléèwé, kó má jẹ́ níṣojú àwọn ọmọ. Ẹ má bá a jà.
2. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ máa kọ ìdáhùn sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí tíṣà tó tún pè é síwájú, kí tíṣà sì máa yìn ín tó bá gbà á.

Ọmọ tó mọ̀ ọ́n nílé lèyí wà fún. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń fún ojú pọ̀ kó tó ka pátákó, dókítà ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí.