Ṣé àgbo lè fọ DNA tó ti bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Màámi ń yan ẹja tà lọ́jà Olúwo, Ẹ̀pẹ́ níbí. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ní sister chromatid exchange wọn ga ju tàwọn tí kì í yan ẹja lọ. Ẹnì kan wá ń ta àgbo fún wa, ó ní á fọ DNA tó bàjẹ́ kúrò lára, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ni. Ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á jàre. Ó ti sú mi, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí léèrè àgbo "afọ DNA" yìí. Ṣé ìdọ̀tí ni DNA ni? Òun ni ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó ṣiṣẹ́, bí àgbo bá fọ̀ ọ́ kúrò lóòótọ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹ́kù?

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kà, ìyẹn sister chromatid exchange yẹn. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà krómósómù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn okùn tí DNA wà nínú ẹ̀, ẹ̀dà méjèèjì á so mọ́ra bí ìbejì, àwọn la ń pè ní sister chromatid. Ẹ wá wo Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n dá aṣọ kan náà, télọ̀ wá yọ apá kan lára ti Táyé ó rán an mọ́ ti Kẹ́hìndé, ó sì gbé ti Kẹ́hìndé wá sára ti Táyé. Ta ló máa mọ̀? Kò sí ẹni tí aṣọ ẹ̀ dín. Àfi ká jẹ́ kí aṣọ ẹnì kan ṣá. Ohun tí à ń ṣe ní láàbù nìyẹn: a ó ta lymphocyte jí, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú oògùn kan tí wọ́n yọ látara ẹ̀wà pupa, a ó fi BrdU sí i, kẹ́míkà kan tó ń wọ inú DNA tuntun, tó bá ti ṣe ẹ̀dà DNA ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí wákàtí 72, a ó kùn ún báwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Perry àti Wolff ṣe ṣe é ní 1974, ìbejì kan á dúdú, ìkejì á ṣá, ibi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ la máa kà. BrdU yẹn gan-an ń dá kún iye pààrọ̀ yẹn o! Kò sẹ́ni tó máa ní òdo, àtèmi àtoníàgbo yẹn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń tún DNA ẹ̀ ṣe ni pààrọ̀ yìí. Mi ò ní kò sí nǹkan kan o, sìgá ń gbé e sókè, èéfín igi náà ní kẹ́míkà tó ń ba DNA jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ la fi ń wò ó, kò lè sọ pé màmá yín ló máa ní jẹjẹrẹ. X-ray tó ń ṣẹ́ krómósómù gan-an, ó fẹ́ẹ̀ má gbé iye yìí sókè, ìyẹn ni pé ẹni tí tiẹ̀ kéré náà ò gbọdọ̀ máa yọ̀. Ibi tá a ti ń fi í dá àìsàn ẹnì kan mọ̀ ni Bloom syndrome, tó ń ga tó ìlọ́po mẹ́wàá, àbímọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹja yíyan.

Mi ò bá àgbo jà, èmi náà ń mu àgbo ibà, àmọ́ èyí tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè ba kídìnrín jẹ́. Mi ò rí màmá yín, nítorí náà bí wọ́n bá ń wúkọ́ tí ò lọ tàbí tí wọ́n ń rù, ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù. Kí wọ́n yé fi ọ̀rá àti táyà dáná, kí wọ́n jáde síta gbangba, kí atẹ́gùn máa gbé èéfín lọ. Owó àgbo yẹn, ẹ fi ṣe ihò èéfín sí ààrò wọn.